Ìṣirò fún Ìlà Tó Gùn

Bàbá mi fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sẹ́yìn kàlẹ́ńdà,
láti Òṣogbo dé Ìkẹjà.
Ó ní, "Má kánjú. Iye tó wọ ìlà yìí lókè,
ṣé òun náà ló máa jáde nísàlẹ̀?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí,
Akọkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí wọlé,
mo rò pé wáyà ò yàtọ̀ sí páìpù omi.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a lẹ́kun.

Ìlà kúkúrú ò ní wàhálà.
Láti òpó Ìwáyà dé ojú fèrèsé wa,
kó gbogbo ìdènà rẹ̀ sójú kan, pín in, ó parí.
Ṣùgbọ́n èyí tó la igbó kọjá,
àádọ́ta-lé-nígba kìlómítà,
gbogbo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ló ní ìdènà tirẹ̀,
gbogbo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ló ń bá ilẹ̀ ṣòwò
láìfọwọ́ kan ilẹ̀.
Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wáyà àti ewé kókò
ń gba owó ibodè, ó gbà á, ó dá a padà,
ìgbà àádọ́ta kí o tó ṣẹ́jú.

"Gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́," ló wí,
"gé e títí èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ ò fi ní gígùn mọ́.
Ṣírò ẹyọ kan.
Kí o wá kó gbogbo wọn jọ padà."
Òru mẹ́ta ni mo fi gé e.
Àmì tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja kún ìwé mi,
ọ̀sà ń mí lẹ́yìn ilé, èmi náà ń mí.

Lóru kẹta, ìdáhùn kan já lé mi lọ́wọ́:
tí gbogbo Èkó bá pa iná,
tí kò sí ilé kan, kò sí ẹ̀rọ kan tó ń fà,
tí ìlà ṣí sílẹ̀ ní òpin,
ìṣàn á ṣì máa wọlé ní Òṣogbo,
ìfúnpá iná ní Ìkẹjà á sì ga ju ti ibi tó ti wá.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un ṣe.
Òun náà ló tún jáde.

Mo lọ jí bàbá. Kò tíì sùn.
Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, singiléètì lọ́rùn.
"O ò ṣì í. Ní Akangba, lóru ọdún,
tí ilé-iṣẹ́ gbogbo bá ti tì,
mo máa ń wo abẹ́rẹ́ tó ń gòkè fúnra rẹ̀.
Ìlà tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀
kì í sinmi, ọmọ mi.
Ńṣe ló ń ru."

Ọdún kẹfà rèé tó ti fẹ̀yìn tì.
Fóònù tó ń jí i laago méjì òru,
"Ọ̀gá Bámbọ̀, ṣé ká ṣí i, àbí ká pa á?",
kò dún mọ́.
Nọ́ọ̀sì Ṣómólú wé aṣọ mọ́ ọn lápá,
ó wo òǹkà, ó tú u, ó tún un wé:
ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà.
Ó bi mí bóyá iyọ̀ ni.
Mo fẹ́ sọ pé òpin ìlà ló ṣí sílẹ̀,
mo kàn ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Àtúnṣe rẹ̀ wà lójú ìwé kejìlélọ́gọ́ta:
so kọ́ìlì ńlá kan mọ́ òpin.
Kò ní tan gílóòbù, kò ní yí fáànù,
iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa fà lọ.
Ni mo bá lọ mú Tẹniọlá wá láti Bàrígà,
ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹyẹ ò kú lórí wáyà?
Ta ló gbé e gòkè? Ṣé ó já bọ́ rí?
Ṣé iná máa ń rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì ò tíì padà wá wọ̀n ọ́n,
n ò ní purọ́ fún yín pé ó ti wálẹ̀.
Ohun tí mo rí ni pé lọ́sàn-án àná
ó sùn lórí àga, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí,
kàlẹ́ńdà lórí itan,
ọmọ náà ò sì tíì bèèrè tán.